Ẹ ka ìkòkò kí ẹ tó ka orí: sí àwọn ẹgbẹ́ wa tó ń gbé ẹrù lọ sí àgọ́ àwọn tí ogun lé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan èdè wa. Àwọn ẹgbẹ́ Yorùbá tó wà ní Àbújá la ń bá sọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà yìí: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì, ẹgbẹ́ àsàlátù, àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́jẹgbẹ́ tó ń dá àjọ, tí wọ́n máa ń gbé ẹrù lọ sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Durumi, ní New Kuchingoro, ní Wassa àti láwọn ibòmíràn tó yí olú ìlú yìí ká. Owó tí ẹ ń ná kò kéré, ọkàn tí ẹ sì fi ń ná an mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ẹrù náà kì í ṣe ohun tí ìyá tó ń gbébẹ̀ yóò rà ká ní ẹ kó owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Èyí tó sì yẹ kó dé ní oṣù keje, oṣù kejìlá ló máa ń dé.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú àgọ́ wọ̀nyí wá láti Gwoza, láti Bama, àti láti àwọn ìlú mìíràn ní Borno àti Adamawa. Oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni Boko Haram gba Gwoza. Oṣù kẹta ọdún 2015 ni àwọn sójà gbà á padà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sá jáde nígbà náà ti tó ẹni tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Nítorí náà, kì í ṣe àlejò ọjọ́ mẹ́ta là ń sọ. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ti ní ètò tiwọn. Wọ́n ń gba ilẹ̀ ro lẹ́yìn ìlú, wọ́n ń fọwọ́ ran fìlà tà, wọ́n ń dá àjọ tí Hausa ń pè ní adashi, wọ́n mọ ẹni tó bímọ lánàá, wọ́n mọ ilé tí wọn kò dáná lónìí. Ẹni tó bá rántí pé abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé sá sí ní 1830, tí ibẹ̀ sì di Abẹ́òkúta, kò ní fojú aláìlọ́gbọ́n wo asásàálà. Ẹ bi àwọn ìyá yìí léèrè kí ẹ tó lọ sọ́jà. Gbogbo ohun tó kù nínú lẹ́tà yìí, orí ìyẹn ló dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti àkókò. Ní oṣù kejìlá, ẹgbẹ́ mẹ́ta lè pàdé lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ kan ṣoṣo lọ́jọ́ kan náà, ìrẹsì lórí ìrẹsì. Tó bá di oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, kò ní sí ẹnikẹ́ni. Ìgbà yẹn gan-an ni oúnjẹ ọdún tó kọjá tán, tí tuntun kò tíì jáde lóko, tí owó oúnjẹ lọ sókè. Ìgbà yẹn ni òjò ń wọ inú àgọ́, tí ẹ̀fọn pọ̀, tí ìgbẹ́ gbuuru àti onígbáméjì ń jà. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní iye kan láti ná lọ́dún, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta ra bùláńkẹ́ẹ̀tì àti oúnjẹ ìgbà ọyẹ́, kí ẹ fi ìdá méjì tó kù sílẹ̀ de ìgbà òjò. Tápólì tó nípọn, àwọ̀n ìbùsùn tí ẹ̀fọn kò lè wọ̀, ọṣẹ, àti oúnjẹ. Kò sí ayẹyẹ kankan lóṣù keje, fọ́tò rẹ̀ kì í dára, ẹrẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kíkà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ pín nǹkan máa ń béèrè pé “ilé mélòó ló wà níbí?” Ìdáhùn tí wọ́n máa ń rí gbà ni iye àwọn bàálé. Bí ọkùnrin kan bá ní ìyàwó méjì, ìkòkò méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Àpò tí ẹ bá kọ orúkọ baálé sí lè má kọjá ọ̀dọ̀ ìyálé. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tí òbí rẹ̀ ti kú, tó ń tọ́ àbúrò mẹ́ta, ìkòkò kan ni òun náà, ṣùgbọ́n kò sí bàálé tí wọn yóò fi ka tirẹ̀. Ìkòkò ni kí ẹ máa kà. Orúkọ ẹni tó ń dáná ni kí ẹ kọ, lẹ́yìn rẹ̀ iye ẹnu tó ń jẹ nínú ìkòkò náà, iye ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, bóyá aboyún tàbí ìyá ọmọ-ọwọ́ wà níbẹ̀, bóyá arúgbó tàbí ẹni tí kò lè rìn wà níbẹ̀. Ẹ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan ní káàdì tó ní nọ́ńbà ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Tó bá di ọjọ́ pípín, nọ́ńbà kìíní sí ìkẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lágogo méje, àwọn tó tẹ̀ lé wọn lágogo mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí aboyún dúró nínú oòrùn láti àárọ̀ dé ọ̀sán nítorí kóńgò ìrẹsì mẹ́ta.

Ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún alága àgọ́ àti àwọn bulama, ìyẹn àwọn olórí àdúgbò wọn. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ dé, kí ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ tó ní ẹ fẹ́ rí olórí àwọn obìnrin, ẹni tí wọ́n ń pè ní shugabar mata. Bí ẹ bá fo àwọn ọkùnrin kọjá, ẹ̀yin yóò wọ mọ́tò lọ sílé, àwọn obìnrin ni ìjà yóò kù sí lọ́rùn. Ọ̀pọ̀ àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ kò gbọ́ Hausa dáadáa, èdè ìlú wọn ni wọ́n ń sọ. Ẹ ní kí shugabar mata yan ọmọbìnrin kan tó gbọ́ méjèèjì, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ ọjọ́ yẹn fún un.

Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí, nítorí ó ń da ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ láàmú. Oúnjẹ tí àwọn aṣèrànwọ́ máa ń ṣètò fún ẹnìkan lóòjọ́ jẹ́ nǹkan bí 400 gíráàmù ọkà tàbí ìrẹsì, 60 gíráàmù ẹ̀wà, àti 25 gíráàmù òróró, kí agbára tó wà nínú rẹ̀ lè súnmọ́ kálórì 2,100. Ìkòkò tó ní ẹnu mẹ́fà yóò jẹ kílò 2.4 ìrẹsì lóòjọ́. Àpò 50 kílò kò pé oṣù kan fún wọn. Ogún ọjọ́ ló máa lò. Bí ẹ bá wá pín àpò kan fún ilé mẹ́wàá, oúnjẹ ọjọ́ méjì ni ẹ fún wọn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọjọ́ méjì ni. Ẹ̀wà tó tó oṣù kan fún ẹnu mẹ́fà kò ju kílò mọ́kànlá lọ, òróró sì jẹ́ bíi kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún kan. Owó tó wọlé sí ìrẹsì nìkan, bí ẹ bá yọ díẹ̀ níbẹ̀ sí ẹ̀wà àti òróró, ara àwọn ọmọ yóò fi hàn. Ẹ mú mudu kan ṣoṣo lọ, ìyẹn kóńgò àwọn ará Òkè Ọya, kí ẹ sì máa fi igi pẹrẹsẹ gé orí rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Mudu tó kún gègèrè fún ẹnìkan tó sì tẹ́ fún ẹlòmíràn ni orísun ariwo.

Ohun tó wù wá jù kí ẹ gbé owó lé ni ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní Tom Brown. Àwọn ìyá ní Àríwá Ìlà-Oòrùn ń ṣe é fún àwọn ọmọ tó ń rù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ohun tí wọn kò ní ni èlò àti ẹ̀rọ. Abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń wọn ohun gbogbo: abọ́ mẹ́fà jéró, ọkà bàbà tàbí àgbàdo, abọ́ mẹ́ta ẹ̀wà sóyà, abọ́ kan ẹ̀pà. Wọn yóò ṣa òkúta kúrò, wọn yóò fọ ọkà náà, wọn yóò sá a gbẹ, wọn yóò sì yan án díẹ̀ títí òórùn rẹ̀ yóò fi jáde. Sóyà ni kí wọ́n fara balẹ̀ yan jù. Nínú agbada lórí iná kékeré, wọn yóò máa rò ó láìdúró, títí èèpo yóò fi máa sán tí àárín ẹyọ rẹ̀ tí wọ́n bá gé e sí méjì yóò fi pọ́n bí awọ búrẹ́dì, tí òórùn ẹ̀wà tútù kò ní sí mọ́. Sóyà tí kò yan tán máa ń da inú ọmọ rú, ìyá yóò sì rò pé oúnjẹ náà ni kò dára. Èyí tó jóná korò, oore inú rẹ̀ sì ti dín kù. Ẹ̀pà náà, wọn yóò yan án, wọn yóò fi ọwọ́ ra á, wọn yóò fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù, wọn yóò sì ṣa gbogbo ẹyọ tó bá hunjọ, tó dúdú, tàbí tó hu èéhù kúrò. Oró tó wà nínú èéhù ẹ̀pà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, iná kì í sì í pa á tán. Ẹ̀pà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ṣa kù lọ́jà kọ́ ni kí ẹ rà fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò le.

Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kó tó wọ ẹ̀rọ. Bó bá gbóná, ooru yóò di omi nínú ìyẹ̀fun, láàárín ọjọ́ mélòó kan yóò di kókó, yóò sì hu. Ibi tí nǹkan tún máa ń bàjẹ́ sí ni ilé ìlọta. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi lọ ata ní àárọ̀ ni wọ́n fi ń lọ oúnjẹ ọmọ ní ọ̀sán, ọmọ á tọ́ ọ wò, á figbe ta, kò sì ní gbà á lẹ́nu mọ́. Bí kò bá sí ẹ̀rọ mìíràn, kí wọ́n lọ jéró kóńgò kan gba inú rẹ̀ kọjá ná, kí wọ́n dà á fún adìyẹ. Inú ike tó ní ìdérí ni kí wọ́n kó ìyẹ̀fun náà sí, kí ó má fara kan ilẹ̀. Kí wọ́n má lọ ju ti ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́ẹ̀kan, torí òróró inú ẹ̀pà àti sóyà máa ń kan. Tí wọ́n bá fẹ́ sè é, omi tútù ni wọn yóò kọ́kọ́ fi po ó kí ó má baà di kókó, kí wọ́n tó gbé e kaná, kí wọ́n máa rò ó títí yóò fi ki tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní ṣàn kúrò lórí ṣíbí. Ẹ̀kọ tó ń ṣàn bí omi, ikùn ló ń kún, kò kún ara. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ rárá. Ọmú ìyá nìkan ni tirẹ̀.

Ó kàn wá lára láti sọ ti mílíìkì inú agolo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ fún gbogbo ìyá ọlọ́mọ. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú yóò dín ọmú kù nítorí agolo ọ̀fẹ́, omi ọmú yóò gbẹ, agolo yóò tán, owó òmíràn kò ní sí. Yóò wá máa là á mọ́ omi púpọ̀ kó lè pẹ́, omi náà sì lè má mọ́. Bí ọmọ ṣe ń ṣàìsàn nìyẹn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú lè nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni kó pinnu ìyẹn. Ìyá ni kí ẹ bọ́ dáadáa. Òun ni yóò bọ́ ọmọ.

Àwọn tó bá fẹ́ ṣe ju kí wọ́n gbé ẹrù lọ, ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi téépù aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá ọmọ láti mọ̀ bóyá ó ń rù. Kò gbà ju òwúrọ̀ kan lọ kí nọ́ọ̀sì tó kọ́ yín. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí oṣù mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni a ń wọ̀n. Apá òsì ni. Ẹ bọ́ aṣọ apá náà, ẹ ká ìgúnpá rẹ̀ láti wá àárín méjì èjìká àti ìgúnpá, ẹ sàmì síbẹ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí apá náà rọ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó yí téépù mọ́ ọn. Kó má fún un, kó má sì ṣe tú. Àwọ̀ ewé jẹ́ 12.5 sẹ̀ǹtímítà sókè. Àwọ̀ òfééfèé jẹ́ 11.5 títí dé ìsàlẹ̀ 12.5: Tom Brown àti ìtọ́jú ló kàn án, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n láìpẹ́. Pupa, ìyẹn ìsàlẹ̀ 11.5, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà, níbi tí wọ́n ti ń fún wọn ní ẹ̀pà lílọ̀ inú ọ̀rá, 92 gíráàmù, tí kálórì 500 wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Tom Brown kì í wo èyí sàn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni wíwọn lórí aṣọ, tàbí nígbà tí ọmọ ká apá rẹ̀ mọ́ àyà. Òmíràn tún wà tó léwu jù: ọmọ tó dà bíi pé ó sanra. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kì í ṣe àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ ka mẹ́ta, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò. Bí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá jìn sínú tí kò dìde, omi ló wà lára rẹ̀, àìjẹunrekánú sì ni. Ìbáà jẹ́ àwọ̀ ewé ni téépù sọ, ilé ìwòsàn ni.

Ti ìgbẹ́ gbuuru kò gùn. Ẹ kó omi iyọ̀ onísáṣẹ́ẹ̀tì lọ, kí ẹ ka ara ọ̀rá rẹ̀ láti mọ iye omi tó gbà, nítorí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí kò bá sí, píọ̀ wọ́tà méjì oní-50 sẹ̀ǹtílítà jẹ́ lítà kan: ìlàjì ṣíbí ìmutíì iyọ̀, ṣíbí ìmutíì mẹ́fà ṣúgà, kí orí ṣíbí tẹ́ pẹrẹsẹ. Iyọ̀ tó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ léṣe. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omijé lọ, ẹ dà á nù. Bó bá pé ọjọ́ kan, ẹ po òmíràn. Oògùn zinc pẹ̀lú rẹ̀, 20 mílígíráàmù lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ìlàjì rẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà.

Nǹkan oṣù kò ṣeé gbàgbé. Ọmọbìnrin kan yóò lo páàdì bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lóṣù. Èyí tó ṣeé fọ̀, mẹ́fà ló máa lò lọ́dún, ṣùgbọ́n kò wúlò níbi tí omi kò sí. Bí kò bá rí ibi sá a sí tí ọkùnrin kò ní rí, abẹ́ ẹní ni yóò fi pamọ́ sí pẹ̀lú ọ̀rinrin rẹ̀, àìsàn abẹ́ ló sì ń ti ibẹ̀ wá. Nítorí náà ẹ bi wọ́n. Ẹ fi pátá tuntun sí i, kì í ṣe àlòkù. Ẹ fi ọṣẹ sí i, àti hijab fún àwọn tó ń lò ó: obìnrin tí hijab rẹ̀ ya kò ní jáde wá gba ohunkóhun, ẹ óò sì rò pé kò nílò rẹ̀. Ní ti ilé ìgbẹ́, ìlànà àwọn aṣèrànwọ́ lágbàáyé ni pé kí ènìyàn ogún máa lo ẹyọ kan. Bí apá yín kò bá ká kíkọ́ tuntun, ẹ kan ìkọ́ sínú ilẹ̀kùn àwọn tó wà, kí ẹ gbé iná sólà kan sójú ọ̀nà ibẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti àpò ìrẹsì, ọkàn àwọn obìnrin yóò sì balẹ̀ láti jáde lóru.

Bí obìnrin tàbí ọmọdé bá sọ fún yín pé wọ́n fipá bá òun lò pọ̀, ẹ má bi í láàárín èrò, ẹ má pe alága àgọ́ láì jẹ́ pé ó ní kí ẹ pè é. Wákàtí ni ẹ ń bá sáré kó tó dé ilé ìwòsàn. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Èyí tó ń dènà oyún kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 120, bó bá sì ti tètè yá tó ni ó ṣe dára tó. Aṣọ tó wọ̀, inú bébà ni kí ó kó o sí, kì í ṣe inú ọ̀rá. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, ti ọdún 2015, ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, àjọ NAPTIP, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, ló sì ń bójú tó o.

Àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ wọn ni ogun lé fúnra wọn. Àwọn ni wọ́n ń gbẹ̀bí, tí wọ́n ń wọn apá ọmọ, tí wọ́n ń lọ láti àgọ́ sí àgọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2018, wọ́n jí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mẹ́ta gbé ní Rann, ní Borno: Saifura Khorsa, Hauwa Liman àti Alice Loksha. Wọ́n pa Saifura ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, ọmọ ọdún 25, ìyá ọmọ méjì. Wọ́n pa Hauwa ní oṣù kẹwàá, ọmọ ọdún 24. Agbẹ̀bí ni àwọn méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a máa dárúkọ wọn nínú ìpàdé wa. Kí a sì rántí wọn nígbà tí a bá ń ṣètò owó: obìnrin inú àgọ́ tó bá fi odindi ọjọ́ dáná tàbí wọn ọmọ fún yín ti pàdánù owó oko ọjọ́ náà. Yíyọ̀ǹda ara ẹni kò ní kí ebi pa á. Ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀, ẹ bọ́ ọ, ẹ fún un ní iye tí iṣẹ́ oko ì bá mú wá fún un.

Àbá kan la fi kún un. Bí ẹgbẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún bá da owó ìrẹsì oṣù kejìlá pọ̀, wọ́n lè ra ẹ̀rọ ìlọta kan sí àgọ́, pẹ̀lú owó dísù oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí orúkọ obìnrin márùn-ún wà lórí ìwé rẹ̀, kí ọ̀kan nínú wọn mú kọ́kọ́rọ́, kí òmíràn mú ìwé owó, kí àwọn mẹ́ta tó kù máa lọ nǹkan ní àyípoyípo. Kí àwọn ará àdúgbò máa san owó tí wọ́n bá wá lọ ọkà, kí oúnjẹ ọmọ inú àgọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ibẹ̀, ní èdè Hausa: “Ba a niƙan barkono a nan.” A kì í lọ ata níbí.

Àwa ìyá kan tó yọ̀ǹda ara wa fún iṣẹ́ yìí,
Àbújá.